ALÁRINÀ LÓRÍ AYÉLUJÁRA: ÌTÀN BÍ ÀWỌN ONÍKÀNNÌ KÉKERÉ ṢE Ń RÍ OWÓ, 1993–2025

1. ÌFÁÀRÀ

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ owó rírí lórí ayélujára mu. Nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé bá ń sọ̀rọ̀ nípa bí ẹni tí ó ni ìkànnì tirẹ̀, tàbí oníṣòwò kékeré tí ó fi ìkànnì polówó iṣẹ́ rẹ̀, ṣe lè rí owó níbẹ̀, wọn a máa to àwọn ọ̀nà náà jọ bí ẹní pàtẹ ọjà: ìpolówó, lààdà lórí ọjà ẹlòmíràn, àsansílẹ̀ owó, ọrẹ láti ọ̀dọ̀ àwọn òǹkàwé, àti títa ọjà ẹni fúnra ẹni. Irú àtòjọ bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn. Kò sọ ìdí tí ọ̀nà kan fi mú owó wá ní ọdún kan tí ó sì gbẹ ní ọdún mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ọwọ́ ẹni tí owó náà kọ́kọ́ gbà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣiṣẹ́.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kí ọdún 2005 tó parí ni gbogbo ọ̀nà pàtàkì tí oníkànnì kékeré fi ń rí owó ti wà, àti pé ohun tí ó ń yí padà láti ìgbà náà kì í ṣe àwọn ọ̀nà wọ̀nyí bí kò ṣe ipò alárinà, ìyẹn ẹni tí ó dúró láàrin oníkànnì àti ẹni tí ń san owó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìránṣẹ́ tí ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ ni alárinà. Nígbà tí ó yá, ó di onílẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí òǹpìtàn máa bi ara rẹ̀ nípa ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni èyí: ta ni ó mọ ẹni tí ń san owó?

Oníkànnì kékeré, gẹ́gẹ́ bí a ti lo ọ̀rọ̀ náà níhìn-ín, ni ẹnì kan ṣoṣo, tàbí ilé iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, tí ó ní ìkànnì tí ó sì ń retí pé kí ó mú owó wọlé. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá yóò wọ inú ìtàn náà kìkì nígbà tí wọ́n bá jẹ́ alárinà tàbí apolówó ọjà.

2. ÀWỌN ONÍWÈÉ ÌRÒYÌN GẸ́GẸ́ BÍ AṢÁÁJÚ

Ìbéèrè yìí ti wà kí ayélujára tó dé. Nígbà tí Henry Townsend dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, ẹgbẹ́ ajíyìnrere CMS ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe èrè orí ìwé náà ni ó ń bọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ fún àwọn tí wọ́n ń tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá jáde láti 1922 síwájú. Owó ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbójú lé: ti àwọn tí ń ra ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, ti àwọn tí wọ́n san àsansílẹ̀, àti ti àwọn oníṣòwò tí ń polówó ọjà. D. A. Ọbasá, tí ó dá Yoruba News sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1924, ní ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀, Ilare Press. I. B. Thomas, tí ó dá Akéde Èkó sílẹ̀ ní 1928, gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ láàrin 1929 sí 1930. Ìtàn náà fa òǹkàwé mọ́ra, ó sì di odidi ìwé ní 1930.

Ohun kan ni ó pa àwọn wọ̀nyí pọ̀. Olóòtú mọ àwọn tí ń san owó fún un. Ó ní orúkọ àwọn asansílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀. Òun tàbí aṣojú rẹ̀ ni ó sì ń bá apolówó ọjà dúnàádúrà. Bí gbèsè bá wà, ó mọ ẹni tí ó jẹ ẹ́. Àìní owó ni ìṣòro rẹ̀. Àìmọ ẹni tí owó náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́.

3. ÌGBÀ TÍ ÀYÈ ṢÍ SÍLẸ̀, 1991–1995

Tim Berners-Lee ni ó hùmọ̀ ètò wẹ́ẹ̀bù ní ilé ìwádìí CERN ní ìlú Geneva. Ìkànnì àkọ́kọ́ sì ṣí ní 1991. Ní ọjọ́ 30 oṣù Igbe, 1993, CERN kéde pé ẹnikẹ́ni lè lo ètò náà láìsan kọ́bọ̀. Ìpinnu yìí ṣe pàtàkì nínú ìtàn tí a ń sọ. Bí CERN bá ti ní kí ẹni tí yóò ṣí ìkànnì wá gba àṣẹ, tàbí kí ó máa san owó ọdọọdún, àlejò lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn ni gbogbo oníkànnì ì bá jẹ́ láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Síbẹ̀, òwò kò lè ta gbòǹgbò lọ́gán. NSFNET, tí ó jẹ́ òpópó pàtàkì tí ìròyìn ń gbà kọjá ní Amẹ́ríkà, owó ìjọba ni wọ́n fi là á, òfin rẹ̀ sì sọ pé ti ẹ̀kọ́ àti ìwádìí ni, kì í ṣe ti ọjà. Òwò a máa gba orí òpópó àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni kọjá, ṣùgbọ́n ààlà náà mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ṣọ́ra. Ní ọjọ́ 30 oṣù Igbe, 1995, wọ́n ti òpópó ìjọba náà pa, iṣẹ́ rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn aládàáni pátápátá. Láàrin ọdún méjì péré, 1993 sí 1995, ilẹ̀ di ọ̀fẹ́, ọ̀nà sì ṣí fún ọlọ́jà.

4. PÁTÁKÓ ÌPOLÓWÓ ÀTI ÀÁRÓ TÍ KÒ DỌ́GBA, 1993–2000

Ìpolówó ni ọ̀nà àkọ́kọ́. Ìkànnì Global Network Navigator, tí ilé iṣẹ́ O'Reilly dá sílẹ̀ ní 1993, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ta àyè fún apolówó ọjà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àwọn òǹpìtàn sábà máa ń mẹ́nu bà ni ọjọ́ 27 oṣù Ọ̀wàrà, 1994, nígbà tí ìkànnì HotWired gbé àwọn pátákó ìpolówó jáde, ti ilé iṣẹ́ AT&T sì wà nínú wọn. Ètò náà kò yàtọ̀ sí ti ìwé ìròyìn. Apolówó ọjà yá àyè fún ìwọ̀nba àsìkò, ó san iye tí wọ́n jọ fohùn sí, bí ó ti wù kí òǹkàwé ṣe pọ̀ tó tàbí kí wọ́n kéré tó.

Ní 1996, ilé iṣẹ́ Procter & Gamble bá Yahoo ṣe àdéhùn mìíràn: kìkì ìgbà tí òǹkàwé bá fọwọ́ tẹ pátákó náà ni òun yóò tó sanwó. Àdéhùn yìí dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ó yí ẹrù padà láti èjìká kan sí èjìká kejì. Lábẹ́ ètò àtijọ́, bí ìpolówó kò bá wu ènìyàn, apolówó ọjà ni ó pàdánù. Lábẹ́ ètò tuntun, ẹni tí ó ni ojú ìwé ni ó pàdánù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun ni ó kọ ìpolówó náà.

Oníkànnì kékeré kò sì lè lọ bá AT&T tàbí Procter & Gamble jókòó. Àìlèṣe yìí ni ó bí alárinà. DoubleClick, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1996, ń kó àyè àwọn ìkànnì púpọ̀ jọ, ó sì ń tà wọ́n fún àwọn apolówó ọjà. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kọ́ni lọ́gbọ́n jù ni LinkExchange, tí Tony Hsieh àti Sanjay Madan dá sílẹ̀ ní ọdún náà gan-an. Àwọn oníkànnì kéékèèké ni ó wà fún. Bí oníkànnì bá gbé pátákó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sójú ìkànnì tirẹ̀, àwọn náà yóò gbé tirẹ̀ sí tiwọn. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò rántí àáró, nínú èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń ro oko ara wọn ní ìpín-ìpín, láìsan owó. Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ ṣá o. Nínú àáró, ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì yóò gba iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Nínú LinkExchange, ẹni tí ó bá gbé pátákó méjì ni wọn yóò gbé pátákó kan ṣoṣo fún. Èkejì di ti alárinà, òun náà a sì tà á fún ẹni tí ó lówó. Ní 1998, Microsoft ra LinkExchange ní 265 mílíọ̀nù dọ́là. Àyè tí wọ́n rà náà, ojú ìkànnì àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ni ó wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ alárinà ni owó rẹ̀ bọ́ sí.

Nígbà tí ọjà ìpín ìdókòwò Nasdaq, tí ó ti gòkè dé 5,048 ní ọjọ́ 10 oṣù Ẹrẹ́nà, 2000, bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ apolówó ọjà kógbá sílé. Iye tí wọ́n ń san lórí pátákó wó lulẹ̀. Oníkànnì tí kò ní ọ̀nà mìíràn sì padà sí ìdí iṣẹ́ mìíràn.

5. LÀÀDÀ, 1996–2020

Ọ̀nà kejì ni lààdà, èyí tí gbogbo ọlọ́jà ilẹ̀ Yorùbá mọ̀: ẹni tí ó mú oníbàárà wá sí ìsọ̀ gba nǹkan díẹ̀ lórí ohun tí oníbàárà náà rà. Amazon, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìwé ní 1995, dá ètò rẹ̀ tí ó pè ní Associates sílẹ̀ ní 1996. Oníkànnì tí ó bá kọ̀wé nípa ìtọ́jú ọgbà, fún àpẹẹrẹ, lè dárúkọ ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ náà. Bí òǹkàwé bá ti ibẹ̀ lọ sí Amazon tí ó sì rà á, lààdà wọlé fún oníkànnì. Amazon kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí ó dán ètò náà wò, nítorí CDNow ti ń ṣe irú rẹ̀ lórí àwo orin ṣáájú. Síbẹ̀, òun ni ó gba ìwé àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùhùmọ̀ ní 2000.

Ọ̀nà yìí dára fún oníkànnì kékeré nítorí pé kò nílò ìsọ̀, kò nílò àká, kò sì ní í fi nǹkan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó fi dúró ni ìgbẹ́kẹ̀lé òǹkàwé. Ṣùgbọ́n oníbàárà tí ó mú wá, ti Amazon ni láti ọjọ́ náà lọ. Orúkọ oníbàárà, àdírẹ́sì rẹ̀, àti ohun tí yóò rà ní ọdún tí ń bọ̀, gbogbo rẹ̀ wà lọ́dọ̀ onísọ̀. Oníkànnì gba lààdà ẹ̀ẹ̀kan, ó sì padà síta láti lọ wá ẹlòmíràn.

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì fi àìlágbára ipò yìí hàn. Ní 2010 ní ìpínlẹ̀ Colorado, àti ní 2011 ní California, Amazon yọ gbogbo àwọn agbàlààdà tí ń gbé ní ìpínlẹ̀ wọ̀nyí kúrò nínú ètò náà nítorí òfin owó orí tí ó ń bá ìjọba ìpínlẹ̀ jà lé lórí. Àwọn tí wọ́n lé kò ṣẹ̀ sí òfin kankan. Ibi tí wọ́n ń gbé ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Ti California parí láàrin oṣù díẹ̀ nígbà tí Amazon àti ìjọba fohùn ṣọ̀kan, wọ́n sì gba àwọn ènìyàn náà padà. Ìkejì ṣẹlẹ̀ ní oṣù Igbe, 2020. Amazon gé lààdà lórí ọ̀pọ̀ ọjà: ti àga, tábìlì àti ohun èlò ilé já láti ìdá 8 sí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún, ti oúnjẹ láti ìdá 5 sí ìdá 1. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni ìkìlọ̀ fi ṣáájú. Oníkànnì tí ó ti fi ọdún mẹ́wàá kọ̀wé lórí àga àti ibùsùn kò ní ẹnu láti fi dúnàádúrà, nítorí kò mọ ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n ti ọwọ́ rẹ̀ rajà.

6. ADSENSE: BÍ ALÁRINÀ ṢE DI ONÍLẸ̀, 2003–2025

Ní 1998, ìkànnì GoTo.com, tí Bill Gross dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ipò nínú àbájáde ìwárí ní gbàǹjo: apolówó ọjà tí ó bá dá iye tí ó ga jù lórí ọ̀rọ̀ kan ni orúkọ rẹ̀ yóò wà lókè, yóò sì san owó kìkì bí ẹnì kan bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Google bẹ̀rẹ̀ AdWords ní 2000, ó sì mú ètò gbàǹjo wọ inú rẹ̀ ní 2002. Títí di àkókò yìí, ojú ìwé ẹ̀rọ aṣàwárí ni ìpolówó náà ń wà jù lọ. Ní oṣù Okúdù, 2003, Google ṣí AdSense sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ẹ̀rọ rẹ̀ a máa ka ohun tí ó wà lójú ìkànnì kan, a sì mú ìpolówó tí ó bá ọ̀rọ̀ ibẹ̀ mu wá síbẹ̀.

Kò sí iyèméjì pé AdSense ṣe oore ńlá. Ẹni tí ń kọ̀wé nípa ẹja inú agbada gíláàsì nínú yàrá rẹ̀ kò ní láti mọ oníṣòwò kankan. Ó fi ìlà díẹ̀ kún ojú ìkànnì rẹ̀, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Markus Frind dá ìkànnì Plenty of Fish sílẹ̀ ní Kánádà ní 2003, AdSense sì ni ó fi gbé e dúró ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ nígbà tí ó ń dá ṣe iṣẹ́ náà. Ní 2015, ó tà á ní 575 mílíọ̀nù dọ́là. Irú àṣeyọrí bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ìròyìn rẹ̀ kàn káàkiri, ó sì mú kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn gbà pé bí òǹkàwé bá ti pọ̀, owó dé.

Ó yẹ kí a wo ìwà àjọṣe tí ó wà láàrin Google àti oníkànnì dáadáa. Nínú àṣà ilẹ̀ Yorùbá, àgbẹ̀ tí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un. Àwọn onímọ̀ òfin ilẹ̀ ti tẹnu mọ́ ọn pé kì í ṣe iye tí ó ń san ni ó ṣe kókó bí kò ṣe pé sísan án jẹ́ ìjẹ́wọ́ pé ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Bí a bá fi ojú yìí wo AdSense, ohun àjèjì kan hàn. Oníkànnì ni ó ni ilẹ̀: òun ni ó kọ ọ̀rọ̀, òun ni ó san owó ìkànnì. Síbẹ̀, òun gan-an ni ó wà ní ipò àlejò. Fún ọdún méje kò mọ ìdá tí Google ń gbé lọ nínú owó tí apolówó ọjà san. Oṣù Ẹ̀bìbì, 2010, ni Google tó kéde pé ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún ni oníkànnì ń gbà lórí ìpolówó ojú ìwé rẹ̀. Bí wọ́n bá sì lé oníkànnì kúrò nínú ètò náà nítorí ìfura pé títẹ̀ tí wọ́n tẹ ìpolówó rẹ̀ kì í ṣe ti òótọ́, Google ni ó fẹ̀sùn kàn án, Google náà ni adájọ́.

Ohun tí ó wà nínú àjọṣe yìí ju owó ìpolówó lọ. Alárinà tí ń mú apolówó ọjà wá ni ó tún ń mú òǹkàwé wá, nítorí láti inú ẹ̀rọ aṣàwárí Google ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ti ń débẹ̀. Ní oṣù Èrèlé, 2011, Google yí ọ̀nà tí ó ń gbà to àbájáde ìwárí padà. Àyípadà náà ni wọ́n ń pè ní Panda. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn ìkànnì tí wọ́n kún fún ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí ti pọ̀ jù, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n àwọn ìkànnì kan sùn ní ọlọ́rọ̀, wọ́n sì jí ní tálákà. Ní 2008, Google ti parí rírà DoubleClick, tí iye rẹ̀ jẹ́ 3.1 bílíọ̀nù dọ́là. Alárinà kan náà wá di ẹni tí ó ni ìsọ̀ tí oníkànnì ti ń ta àyè, tí ó ni ọjà gbàǹjo, tí ó sì ń ṣojú fún ẹni tí ń rà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Igbe, 2025, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kan ní ìpínlẹ̀ Virginia dá a lẹ́jọ́ pé Google rú òfin nípa bí ó ṣe sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá aládàáṣe nínú méjì nínú àwọn ọjà wọ̀nyí, èyí tí àwọn oníkànnì fi ń ṣètò àyè wọn àti èyí tí wọ́n ti ń tà á ní gbàǹjo, àti nípa bí ó ṣe so méjèèjì pọ̀ tí ẹni tí ó bá fẹ́ ọ̀kan fi ní láti gba èkejì.

7. ÀWỌN TÍ WỌ́N LỌ TÀÀRÀ, 2005–2017

Ní ọdún kan náà, 2005, ènìyàn méjì gbìyànjú láti gba owó láìsí alárinà ìpolówó. Alex Tew, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ ẹni ọdún 21, ṣí ìkànnì kan ní oṣù Ògún, ó sì pín ojú rẹ̀ sí mílíọ̀nù kan píksẹ́lì, ìyẹn àmì tí ó kéré jù lọ lójú kọ̀ǹpútà. Dọ́là kan ni ó ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí yóò rà kò sì lè ra ohun tí ó dín ní ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù Ṣẹrẹ, 2006, ó ta ẹgbẹ̀rún tí ó kù ní gbàǹjo lórí eBay ní 38,100 dọ́là. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 1,037,100 dọ́là. Òun fúnra rẹ̀ ni ó mọ àwọn tí wọ́n sanwó. Ṣùgbọ́n kàyéfì ni ohun tí ó tà, kàyéfì kì í sì í tà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe àfarawé rẹ̀, asán ni ó sì já sí fún wọn.

Ẹnì kejì ni Jason Kottke, tí ó ti ń kọ búlọ́ọ̀gì kottke.org ní Amẹ́ríkà láti 1998. Ní oṣù Èrèlé, 2005, ó fi iṣẹ́ tí ó ń ṣe sílẹ̀, ó sì ní kí àwọn òǹkàwé rẹ̀ dáwó fún un kí ó lè máa kọ̀wé ní gbogbo ọjọ́. Àwọn tí wọ́n dáwó lé ní 1,400; iye tí wọ́n dá sún mọ́ 40,000 dọ́là. Lẹ́yìn ọdún kan, kò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ó wọ inú ẹgbẹ́ ìpolówó kékeré kan tí ń jẹ́ The Deck. Nígbà tí ó di 2016, ó padà sọ́dọ̀ àwọn òǹkàwé, ó sì ní kí wọ́n di ọmọ ẹgbẹ́ tí ń sanwó déédéé. The Deck kógbá sílé ní 2017, kottke.org kò kógbá sílé. Ohun tí ó gbà á là ni pé àwọn kan mọ̀ ọ́n, òun náà sì mọ̀ wọ́n.

Láàrin ìgbà yìí ni irú alárinà mìíràn jáde. Patreon bẹ̀rẹ̀ ní 2013, Substack ní 2017. Substack ń gba ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lórí àsansílẹ̀. Alárinà ni òun náà, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé lè kó àdírẹ́sì àwọn asansílẹ̀ rẹ̀ lọ bí ó bá fẹ́ ṣí kúrò. Bí oníbodè ni irú alárinà yìí rí: ó gba owó ibodè, ẹni tí ń kọjá sì gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Onílẹ̀ tí àwọn onílààdà àti àwọn oníkànnì AdSense bá pàdé kò jẹ́ kí wọ́n gbé ẹrù lọ.

8. NÀÌJÍRÍÀ ÀTI OJÚ ÌWÉ YORÙBÁ

Ọ̀nà méjì tí ó yàtọ̀ síra ni àwọn oníkànnì méjì tí wọ́n lókìkí jù ní Nàìjíríà gbà. Seun Osewa dá Nairaland sílẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà, 2005. Nígbà tí ó yá, ó ṣe ètò tirẹ̀ tí apolówó ọjà fi lè wá ra àyè níbẹ̀ tààrà. Linda Ikeji bẹ̀rẹ̀ búlọ́ọ̀gì rẹ̀ ní 2006 lórí Blogger, tí í ṣe ti Google, ó sì di ẹni tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ń bá polówó. Ní oṣù Ọ̀wàrà, 2014, Google ti búlọ́ọ̀gì náà fún ọjọ́ díẹ̀ nítorí ẹ̀sùn ẹ̀tọ́ oníṣẹ́, kí ó tó ṣí i padà. Àpilẹ̀kọ yìí kò ní í dá ẹjọ́ ẹ̀sùn náà. Ohun tí ó kan ìtàn wa ni pé ilé tí ó ń mú owó ńlá wọlé lè di títì ní òru ọjọ́ kan, nítorí ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ sí kì í ṣe ti ẹni tí ó kọ́ ọ.

Ìṣòro kan tún wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà kò ní: bí owó yóò ṣe dé ọwọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, sọ̀wédowó AdSense a máa gba ilé ìfìwéránṣẹ́ wá. PayPal kò gba àwọn ará Nàìjíríà láàyè rárá títí di 2014. Nígbà tí ó sì gbà wọ́n, wọ́n lè fi sanwó fún ẹlòmíràn ṣùgbọ́n wọn kò lè fi gba owó. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀nà tààrà, tí Kottke gbà ní 2005, ti dí fún oníkànnì Èkó tí ó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ òǹkàwé tí ó wà ní London. Ipò náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà nígbà tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá Paystack sílẹ̀ ní Èkó ní 2015, nítorí oníṣòwò kékeré lè wá fi ìkànnì rẹ̀ gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Ilé iṣẹ́ Stripe ti Amẹ́ríkà rà á ní 2020.

Ti èdè ni ó wá kù. Ẹ̀rọ AdSense gbọ́dọ̀ mọ èdè tí a fi kọ ojú ìwé kí ó tó lè mú ìpolówó wá síbẹ̀, nítorí náà Google ní àkọsílẹ̀ àwọn èdè tí ó gbà wọlé. Wọ́n fi Hindi kún un ní 2014, Bengali ní 2017, Tamil ní 2018. Ní gbogbo àkókò náà, Yorùbá kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba owó AdSense ní láti kọ̀wé ní Gẹ̀ẹ́sì nípa ohun tí ì bá fi Yorùbá kọ. Nígbà tí BBC bẹ̀rẹ̀ ìkànnì ìròyìn Yorùbá ní oṣù Èrèlé, 2018, owó ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé e dìde, kì í ṣe ti ìpolówó ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ padà síbi tí Townsend ti bẹ̀rẹ̀ ní 1859: èdè náà ní òǹkàwé, ṣùgbọ́n ará òkè òkun ni ó ń san owó ìwé. Ọbasá àti Thomas, tí wọ́n ta ìwé ìròyìn Yorùbá fún ẹni tí ó fẹ́ kà á, ti kọjá ibẹ̀ ní nǹkan bí 90 ọdún ṣáájú.

9. ÀTAKÒ KAN

Ẹnì kan lè sọ pé ẹjọ́ alárinà ti pọ̀ jù nínú ìtàn yìí. Pé bí kò bá sí AdSense, ọ̀pọ̀ oníkànnì kì bá tí rí kọ́bọ̀, àti pé kò sí ọjà tí kò ní alárinà. Àtakò náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún sàn ju òfo lọ, ẹni tí òǹkàwé rẹ̀ jẹ́ igba kò sì lè fi ọrẹ wọn jẹun. Síbẹ̀, ohun tí àwọn àpẹẹrẹ òkè yìí fi hàn kì í ṣe pé alárinà burú. Wọ́n fi hàn pé irú alárinà méjì ni ó wà, àti pé iye tí ó ń gbà kọ́ ni a fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀. LinkExchange kò gba owó kankan lọ́wọ́ oníkànnì, síbẹ̀ òun ni ó jèrè ilẹ̀ wọn. Substack gba ìdá 10, ó sì jẹ́ kí òǹkọ̀wé di orúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀ mú.

10. ÌKÁDÌÍ

Láti 1993 ni ìpolówó, lààdà, àsansílẹ̀, ọrẹ, àti títà tààrà ti ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí òkìkí ọ̀kan sì ń bo èkejì mọ́lẹ̀. Nínú gbogbo wọn, oníkànnì tí ó mọ ẹni tí ń sanwó fún un ni ó ń là á já nígbà tí ìjì bá jà: ìjì 2000, ti 2011, ti 2020. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè kórè púpọ̀ ní ọdún tí òjò bá rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá wọn yóò jẹ́ kí ó gbin nǹkan ní ọdún tí ń bọ̀.

Fún àwọn tí wọ́n fẹ́ kí ìwé Yorùbá wà lórí ayélujára láìsí pé ìjọba òkè òkun ń bọ́ ọ, ẹ̀kọ́ ìtàn yìí kò fara sin. Kì í ṣe gbàǹjo Google ni wọ́n yóò ti rí owó náà. Inú ìwé orúkọ àwọn asansílẹ̀ ni yóò ti wá, irú èyí tí àwọn olóòtú Èkó àti Ìbàdàn ń fi ọwọ́ kọ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.